Ọládépò Tí Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Nuhu Kú

Gbogbo àdúgbò Takie ló mọ èyí. Lọ́dún 1988, olóògbé Ọládépò ń ṣe Ànábì Nuhu nínú eré orí ìtàgé. Kabir, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣe ọmọ Nuhu tó kọ̀ tí kò wọ ọkọ̀. Aṣọ búlúù tí wọ́n fi ṣe omi ti dé ọrùn Kabir. Nuhu bá fò sílẹ̀, ó di ìbàdí ṣòkòtò ọmọ mú, ó wọ́ ọ sínú ọkọ̀.

"Bàbá, ó yẹ kó kú!" Samuel tó kọ eré náà ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Lọ mú ọmọ tìẹ wá!"

Kẹ̀kẹ́ ni Ọládépò ń tún ṣe. Kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí o bá kí i pé "Ẹ kú àárọ̀", á ní, "Ta ló rán ẹ?" Irùngbọ̀n rẹ̀ ni Samuel rí tó fi bẹ̀ ẹ́ sínú eré. Ó gbà, kó lè máa ṣọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ òun ṣe.

Samuel kàwé. Ó kó ìtàn ìkún-omi jọ láti ibi gbogbo: ti Olókun tó bínú sí ayé, ti Nuhu, ti àwọn ará Íńdíà, níbi tí ẹja kan ti kìlọ̀ fún ọkùnrin kan pé omi ń bọ̀.

Ọládépò wò ó. "Kí ló kan ẹja nínú ìkún-omi? Ẹja yẹn ní nǹkan lọ́kàn."

Ṣùgbọ́n ikú Kabir ló ká a lára jù. Ó ní ohun tí èèyàn bá ń fi ẹnu sọ lójoojúmọ́, bí eré bí eré, ó lè ṣẹ. Rúùtù, obìnrin Aládùúrà tó ń rán aṣọ eré, wá sọ fún un pé nínú Bíbélì, gbogbo ọmọ Nóà ló wọ ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ti Bíbélì," ni Ọládépò wí. Ààfáà rẹ̀ gbọ́. Kò jẹ́ ìkíni rẹ̀ títí Jímọ́ọ̀ fi kọjá.

Eré wá ń lọ sí Ọ̀yọ́. Kabir bẹ bàbá rẹ̀: "Bàbá, ẹ dákun. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní Kò-lè-kú."

"Orúkọ dáadáa nìyẹn."

Àmọ́ ó búra pé òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní Ọ̀yọ́, omi dé. Kabir ní orí òkè lòun máa sá lọ. Ọládépò ò fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú aṣọ búlúù, ó dúró ti ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe níbẹ̀?" Samuel ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Kabir ti gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ náà. Nígbà tí Ọládépò kú, Samuel ní òun á wá Nuhu mìíràn. Kabir ní kó wá ọmọ mìíràn pẹ̀lú.