Omi Ojú Ìyá Amọ̀kòkò

"Etí aṣọ tó mọ́ ni kí o fi nù ún. Rọra, má ha á."

Báyìí ni ìyá àgbà mi máa ń pàṣẹ fún mi láàárọ̀ ọyẹ́. Á na ojú sí mi bí ọmọ ọwọ́, omi á sì máa ṣàn láti ojú rẹ̀ méjèèjì dé àgbọ̀n. Ìkòkò ló ń mọ. Amọ̀ ti dé ìgúnpá rẹ̀, kò lè fọwọ́ kan ojú. Ìgbà ọyẹ́ sì ni iṣẹ́ ń yá jù fún amọ̀kòkò, nítorí ìkòkò ń tètè gbẹ, kò sì sí bí ìyá àgbà ṣe lè sá wọ yàrá. Òórùn amọ̀ tútù àti èéfín koríko tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ló máa ń gba gbogbo àgbàlá wa, pẹ̀lú ìró ọwọ́ rẹ̀ lára amọ̀, pá, pá, pá.

Kò sí ọgbọ́n tí kò ta sí ojú náà. Ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, á fa ìborùn wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fi ń bọ́jú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó lé tìróò. Ó lé e, omi sì wọ́ ọ wálẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni tó fojú gbálẹ̀ ìdí àárò. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

"Rín in dáadáa," ló wí. "Ojú mi lo gbé wáyé, ìwọ náà á rí i."

Ọdún yẹn la ń múra ìgbéyàwó yìgì àǹtí mi, àbígbẹ̀yìn ìyá àgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò bàbá ọkọ àǹtí mi, obìnrin kan tí ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, yà kí wa láìsọ tẹ́lẹ̀. Èmi wà nídìí kànga. Ó bá ìyá àgbà nìkan nídìí amọ̀, omi ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀.

"Ìyá, ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ọjọ́ ayọ̀ la ń retí," ni ìyá àgbà dáhùn, ó sì fa imú.

Obìnrin náà kò bèèrè mìíràn. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ti dé láti ọ̀dọ̀ wọn: àwọn ò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó ń sunkún, ó lè jẹ́ pé túláàsì la fi mú ọmọ náà, kí a dá yìgì dúró ná. Àǹtí mi wọ yàrá, ó bú sẹ́kún.

"Wálàhí, ọyẹ́ ni!" ni ìyá àgbà ń pariwo. "Ojú mi ló ń ṣomi, inú mi dùn ní tèmi!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó dára, ó fún mi ní ìnujú méjì, a forí lé àdúgbò Fate níbi tí àwọn ẹbí ọkọ ń gbé. Ọyẹ́ ọjọ́ náà ò mojú ẹnikẹ́ni. Mo nù, mo tún nù, omi ò dá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Báwo ni ẹni tí omi ń dà lójú rẹ̀ ṣe fẹ́ sọ fún èèyàn pé òun ò sunkún?

A bá bàbá ọkọ níta, ó ń yá oòrùn. Ó gbójú sókè. Omi ń ṣàn lójú òun náà, imú rẹ̀ ti pọ́n.

Ìyá àgbà dúró, ó wò ó dáadáa. "Alàájì, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o. Ọyẹ́ yìí ni."

"Ṣé ó dá yín lójú? Àbí ẹ ò fẹ́ ọmọ mi ni?"

Bàbá náà wo ìyá àgbà. Ó wo èmi àti ìnujú tútù ọwọ́ mi, ẹ̀rín bá pa á. Ó ké sí àbúrò rẹ̀ nínú ilé pé kó jáde wá wo ẹkún. Kókó, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, la mu níbẹ̀, wọ́n sì ṣe àdúà àlùbáríkà sórí yìgì náà.

Ọjọ́ yìgì bọ́ sí àkókò òjò. Nígbà tí wọ́n ń mú àǹtí mi lọ, mo rí i tí omi kún ojú ìyá àgbà, mo sì sáré na etí aṣọ. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi èyí sílẹ̀," ló wí.

Àdúgbò Tanke ni mò ń gbé báyìí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, àwọn ọmọ mi á sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mò ń bọ́jú bí ó ṣe ń bọ́jú, mò ń kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Bí mo bá rí ẹni tí omi wà lójú rẹ̀, mo máa ń bèèrè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ tí Ọlọ́run gba ìyá àgbà mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò kan tí kò tíì gbọ́ sì wò mí, ó ní afẹ́fẹ́ yìí mà ń dààmú ojú mi o, kí n wọlé. Mi ò bá a jiyàn. Ìyá àgbà mi ni wọ́n ń gbé lọ sin.