Dígí Mọ́tò Mi Tó Ń Wo Ojú Ọ̀run

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ dígí mọ́tò. Yàtọ̀ sí ìyàwó mi, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa ní Mushin. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ ń bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́!

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè láti Mushin dé Ìpọ̀nrí, ta ló mọ mọ́tò bíi tèmi? Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi wa lọ́rì fún iléeṣẹ́ aṣọ kan. Ayé ṣọ́jà la wà nígbà náà. Nígbà tí iléeṣẹ́ yẹn kógbá sílé, mọ́tò ìjàpá mi àtijọ́ nìkan ló kù tí mo lè fi jẹun.

Ọlọ́run ṣe é, obìnrin kan tó ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Súrùlérè ń wá ẹni tí yóò máa kó àwọn ọmọ lọ, tí yóò máa kó wọn bọ̀. Àǹtí Àgbà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Mo lọ bá wọn, mo sì yangàn dáadáa! Wọ́n ní kí n gbé mọ́tò náà wá lọ́jọ́ Fúráìdè kí àwọn wò ó.

Wàhálà dé. Dígí ẹ̀gbẹ́, ti ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, ti ń mì. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀! Bí mo bá bọ́ sínú kòtò, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń gbọn agolo tí wọ́n kó òkúta sí ni. Àǹtí Àgbà ti gbọ́ ọ kí n tó yọ sí géètì. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ kò ní wọ mọ́tò tí dígí rẹ̀ ń jó. Kí n tún un ṣe kó tó di Mọ́ńdè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Ó dà bíi pé inú orí mi gan-an ni nǹkan náà ti ń mì. Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi sípánà de nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo wa mọ́tò yí àdúgbò ká: kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀! Mo padà, mo tún dè é. Mo jẹun díẹ̀, mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo tún bọ́ síta. Ìyàwó mi, Ìyá Rìsíkà, tó ń ránṣọ ní Tejúoṣó, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Bàbá Rìsíkà, ẹ tún ti ń lọ síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Ìwọ? Ṣé bùláòsì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa o, ọ̀gá dírẹ́bà."

Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo ra gọ́ọ̀mù líle, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ irin. Mo dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo da gọ́ọ̀mù sí gbogbo oríkèé dígí náà, mo dì í mú títí ó fi gan. Mo wa mọ́tò dé Jíbówú. Kẹ́kẹ́ ti pa mọ́ dígí lẹ́nu! Mo ń kọrin bọ̀ wálé.

Òótọ́ ni pé nígbà tí mo jókòó sídìí sítíárìn, òkè ni dígí náà ń wò. Bí mo ṣe wà lórí ìdúró ni mo ṣe lẹ̀ ẹ́, mi ò jókòó wò ó. Àwọsánmà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló kàn mí? Ṣebí ariwo rẹ̀ ni wọ́n ní kí n mú kúrò!

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àǹtí Àgbà tẹ́tí, wọ́n ní lóòótọ́ ó ti dákẹ́. Mo ní ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló kàn án, mà. Wọ́n ní kí n dúró sínú mọ́tò. Wọ́n rìn lọ sẹ́yìn, wọ́n ṣe ohun tí mi ò rí, wọ́n sì padà wá dúró tì mí.

"Bàbá Rìsíkà, ẹ wo dígí yín. Ṣé nǹkan wà lẹ́yìn?"

Mo wò ó. Àwọsánmà. Kí ni kí n wí? Kí n ní mi ò ríran? Èmi?

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ibẹ̀ mọ́ kedere."

"Ó dá yín lójú?"

"Mà, ọdún mẹ́tàdínlógún!"

"Ó dáa. Ẹ fà á sẹ́yìn."

Mo fà á. Gbàù! Mo bẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ táyà ẹ̀yìn, àga kékeré kan ti rún. Àga àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì ya òdòdó sí lẹ́yìn.

Ìbá tiẹ̀ ṣe pé wọ́n bú mi! Wọ́n kàn ní, "Ẹ máa lọ sílé, bàbá." Bó bá jẹ́ pé ọmọ ló jókòó síbẹ̀ ńkọ́?

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tú dígí náà. Mo fi ọ̀bẹ họ gbogbo gọ́ọ̀mù náà kúrò, mo tú u. Ó fi ìka họ ojú ibi tó ti pàdé ilẹ̀kùn: rọ́bà tó wà níbẹ̀ ti gbó, ó ti di lúbúlúbú.

"Irin lẹ fi ń de irin. Báwo ló ṣe máa dákẹ́?"

Ó mú sílípáàsì rẹ̀ kan tó ti já, ó fi sísọ́ọ̀sì gé rọ́bà roboto, bó ṣe máa ń gé e sábẹ́ máṣíìnì rẹ̀ kó má baà máa jó lórí tábìlì. Ó fi há àárín dígí àti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo fi sípánà dè é o, ẹ má gbàgbé ìyẹn! Lẹ́yìn náà, ó lọ lóṣòó sẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, ó ní kí n jókòó sídìí sítíárìn, kí n máa yí dígí náà títí n ó fi rí òun.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga tí káfíńtà bá mi kàn lọ bẹ Àǹtí Àgbà. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ó dàbọ̀. Mo gbà pé iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wọ mọ́tò, mo ṣáná sí i. Àwọn ọmọ ń jáde ní kíláàsì. Mo wo dígí.

Ọmọbìnrin kékeré kan ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń ṣa bísíkíìtì rẹ̀ tó já bọ́.

Mo paná. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé e, mo fà á lé Àǹtí Àgbà lọ́wọ́. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n lọ wo dígí náà, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Bàbá Rìsíkà, aago méje ọ̀la. Ẹ má pẹ́ o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo rí kọ́ rèé: nǹkan lè dákẹ́ kó má sì ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá ríran, ẹ ní ẹ ò ríran! Kò bu ọkùnrin kù. Ó dáa, ó bù mí kù díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ṣì ni ọ̀gá dírẹ́bà! Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ rí tó yẹ kẹ́ ẹ tú wò? Ẹ má fi pamọ́, ẹ sọ tiyín náà, kó má baà jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n á máa fi ṣẹ̀sín.