Ọjọ́ Tí Ọkọ Ìyàwó Kò Tètè Dé

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ojú Ore, n kì í sì í fi í ṣeré. Tí mo bá ní kí ìyàwó gbé àgbọ̀n sókè, àgbọ̀n ni kó gbé, kò gbọdọ̀ gbé imú. Àwọn ọkọ ìyàwó ló máa ń yọ mí lẹ́nu jù. Ọkùnrin tó ń gbé àpò ṣúgà láti àárọ̀ dalẹ́ nílé iṣẹ́, ẹ ní kó gbé ọwọ́ lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ á le gbagidi bí igi. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi, ìyẹn lẹ́yìn tí mo bá ti pariwo mọ́ wọn tán.

Ní Sátidé kan, ọmọbìnrin aránṣọ kan wá ya fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe bánà ìgbéyàwó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó náà. Ẹni tó ń tẹ bánà ní Sango sì ti sọ pé bí fọ́tò ò bá dé ọwọ́ òun kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Ìyàwó ti múra. Gèlè rẹ̀ ga débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e wá. Ọkọ nìkan ni kò sí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ló ń bá ṣiṣẹ́, ẹni tó yẹ kó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dé, ẹ̀rọ náà ò sì ṣeé fi sílẹ̀.

Ìyàwó ń yọjú sí títì. Oòrùn ń lọ. Mo bínú sí ilé iṣẹ́, mo bínú sí oòrùn pàápàá.

“Ẹ jẹ́ ká pe ìkejì ẹ̀,” ni màmá wí.

Ìbejì ni ọkọ ìyàwó. Ohun téèyàn bá sì ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì, ó gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì, torí náà agbádá kan náà ni màmá rán fún àwọn méjèèjì. Ti ọkọ ìyàwó wà nílé ní Alapoti. Ti ìkejì rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà mi.

“Ta ló máa mọ̀?” ni màmá wí. “Èmi tí mo bí wọn gan-an, mo máa ń ṣì wọ́n pè.”

“Mà, àbúrò ọkọ mi ni wọ́n.”

“Ṣebí ọkọ ẹ náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà kọ́ lo ṣe ń pè é?”

Òótọ́ ni màmá sọ, torí kò sí ọmọ ilé ọkọ tí kì í ṣe ọkọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé fọ́tò yìí náà lòun máa gbé kọ́ sí pálọ̀, òun ò sì fẹ́ máa wo ẹlòmíràn lára ògiri òun títí ayé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Atẹbánà ò mọ àánú.

Mo kó ìyàwó àti ìkejì ọkọ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, ó sún bí ẹni tí wọ́n ní kó sún mọ́ ajá tí kò mọ̀ rí. Mo ní kó gbé ọwọ́ lé e níbàdí, ọwọ́ dúró sínú afẹ́fẹ́, kò kan aṣọ. Mo ní kí wọ́n wo ara wọn lójú. Ìyàwó wò ó, bó ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.” Ọkùnrin náà sì dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ ǹlẹ́ o.”

Ẹ̀rín pa mí, mo ní láti gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Síbẹ̀ mo yà wọ́n, nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kadà fi já ọkọ ìyàwó sílẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, lẹ́búlẹ́bú ike aláwọ̀ búlúù bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìkejì rẹ̀ ò tiẹ̀ kí i, ó bọ́ agbádá, ó sọ ọ́ sí i lọ́rùn, ó fi fìlà dé e. Ó ku bàtà, bàtà iṣẹ́ gìrìwò, okùn rẹ̀ kọ̀, kò tú. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo lanu láti sọ ibi tí wọ́n máa gbé ọwọ́ sí. Ìyàwó ti fi àtẹ́lẹwọ́ ń nu ike kúrò lójú rẹ̀, ó ń bú u, ó ń rẹ́rìn-ín, gèlè ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ ọkọ ti wà níbàdí rẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Imú ni ìyàwó gbé sókè, kì í ṣe àgbọ̀n. Mo yà á bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti pariwo.

Lẹ́yìn náà, mo fi fọ́tò méjì han màmá lójú kámẹ́rà, ti ìkejì àti ti ọkọ gan-an. Agbádá kan náà, ojú kan náà. Mo fi àtàǹpàkò bo ibi tí bàtà wà.

“Èwo lọkọ ìyàwó?”

Kò ronú rárá, ó tọ́ka sí ti ọkọ gan-an.

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa ń ṣì wọ́n.”

“N ò wo ọmọ mi,” ni màmá wí. “Ojú ìyàwó ni mo wò.”

Ó wá yíjú sí ìkejì, tó dúró tòun ti bùbá àti ẹ̀pà rẹ̀.

“Ìwọ náà, lọ wá tìẹ.”