Hẹ́dífóònù Tó Fúyẹ́ Bí Èèpo Ẹ̀pà

Hẹ́dífóònù yẹn dára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí n tó sọ ohun tí wọ́n fi ṣe mí, torí bí mo bá fi tèmi sẹ́yìn, ẹ ó rò pé àwáwí ni mò ń wá. Nínú gbogbo hẹ́dífóònù tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ní Lọ́kọ́jà, òun ló dára jù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá sídìí tábìlì mi. Síbẹ̀ mo jẹ́ kí obìnrin tó ni ín gbà pé kò dára, torí mo fẹ́ dójú ti ọkùnrin tó tà á fún un.

Ọkùnrin náà, ẹ̀gbọ́n mi ni níbi iṣẹ́. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa ní títún fóònù ṣe ní àdúgbò Crusher, ó sì fi ọdún mẹ́ta ṣáájú mi. Òun kàwé jáde. Èmi, ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo dúró sí nígbà tí bàbá mi kú. Mo lè ka Yorùbá, mo mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n òyìnbó tó bá ti gùn máa ń gbé mi ṣubú.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé hẹ́dífóònù tuntun wá nínú páálí, ó ní kí n bá òun wò ó. Mo ṣì ń yí i lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n já a gbà, ó na páálí sí mi.

"Kà á síta. Ẹni tí kò lè ka páálí, kí ló mọ̀ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kọsẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ kẹta. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wa náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Purofẹ́sọ̀ Páálí!"

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ oúnjẹ mi dání. N kò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sórí àga, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì yí padà sílé láìwo ojú mi.

Orúkọ yẹn tẹ̀ lé mi láti Crusher dé Natako, níbi tí mo wá tẹ́ tábìlì tèmi sí lábẹ́ agbòjò ńlá. Àwọn ọlọ́kadà tí kò mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí mọ̀ ọ́n. Mo dì í sínú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dì í sínú, mi ò jẹ́ kó bàjẹ́, bí ẹni tó fi ẹran sórí àjà iná.

Bí n kò ti lè ka páálí, mo kọ́ ọwọ́ mi níwèé. Mo ń ra hẹ́dífóònù tó ti kú, mo ń tú u. Bí o bá ṣí ọ̀pá tó gba orí kọjá síta díẹ̀, tí o dá a padà, ojúlówó kì í dún. Ayédèrú á ké bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Mo máa ń fa apá rẹ̀ sísàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí n mọ̀ bóyá iye ìgbà kan náà ni wọ́n ń ta kẹ́ kí wọ́n tó dé òpin. Mo ń fi èékánná wá ibi tí ojú ìrán ti pàdé lára awọ. Mo sì ń gbóòórùn rẹ̀, torí gúlù tí kò dáa máa ń rùn bí kẹrosínì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni irin. Tí o bá tú ayédèrú tó wúwo dáadáa, wàá bá irin pẹlẹbẹ kan nínú etí kọ̀ọ̀kan. Kò so mọ́ wáyà, kò ṣiṣẹ́ kankan. Wọ́n fi síbẹ̀ kó lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á ni. Torí ọwọ́ la fi ń rajà níbí. Bí a ṣe ń gbé iṣu wò, bí a ṣe ń gbé ẹja wò létí odò, bẹ́ẹ̀ náà là ń gbé hẹ́dífóònù wò. Èyí tó bá wúwo la máa ń sọ pé ó lára. Ó ṣọ̀wọ́n kí o rí oníbàárà tó máa rò ó pé orí ni yóò ru ẹrù yẹn, kì í ṣe ọwọ́.

Ti ìtura wá ńkọ́? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo ní. Tí wọ́n bá ti kírun àílà tán, màá gbé e sórí, mi ò ní so ó mọ́ fóònù, màá máa bá iṣẹ́ mi lọ títí wọ́n á fi pe alàásárì. Ooru Lọ́kọ́jà kì í ṣe ẹgbẹ́ ooru ibi tí wọ́n ti ṣe é. Láàárín ìrun méjèèjì, òógùn á ti tú àṣírí rẹ̀: tìmùtìmù etí á lẹ̀ mọ́ mi lára, tàbí kí àtàrí máa ro mí, tàbí kí ìsàlẹ̀ etí máa ta mí bí ìgbà tí èèrà bá jẹ èèyàn. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ń gbé tiwọn wá kí n bá àwọn gbé e sórí kí ọjọ́ ìdápadà tó pé. Wọ́n ní ohun tí mo bá sọ, abẹ gé e.

Obìnrin náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọ̀dà títì ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Ọmọ Oworo ni, láti ọ̀kan nínú àwọn abúlé ẹ̀yìn ìlú, ó ju mí lọ díẹ̀, ó wọ awò ojú tó nípọn, ó sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn.

"Okun o, àbúrò mi. Ìwọ ni wọ́n ní kí n gbé e fún."

Ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi. Àwọn kan lókè òkun ń fi ohùn àwọn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, òun á gbọ́ ọ, á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni hẹ́dífóònù máa ń wà lórí rẹ̀.

"Etí mi ni mo fi ń jẹun," ló wí. "Gbogbo owó tí mo kó jọ ni mo fi ra èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé mi ní ó ti fúyẹ́ jù. Ọjọ́ méjì ló kù tí mo fi lè dá a padà."

"Ta ló tà á fún yín, Àǹtí?"

Ó ní ọkùnrin kan ní Gadumo ni, ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì. Kí ó tó ṣe àpèjúwe rẹ̀ tán ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni.

Mo ní kó fi sílẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn alàásárì. Mo ṣí ọ̀pá orí rẹ̀, kò dún. Mo fa apá méjèèjì. Wọ́n ta kẹ́ ní iye kan náà. Mo wá ojú ìrán títí, èékánná mi ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Mo gbé e sórí. Bàbá tó ń ta fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà, ń bá mi tàkúrọ̀sọ, mo sì ń dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n pe alàásárì, mo gbé bútà, mo lọ ṣe àlùwàlá. Mo ti fọ ọwọ́, mo ti yọ ẹnu, mo ti bomi sójú kí Bàbá tó figbe ta.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé àwọn mọ̀làíkà lo fẹ́ máa gbọ́ ni? Bọ́ nǹkan orí ẹ sílẹ̀!"

Mo fọwọ́ kan orí. Mo ti gbàgbé pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní hẹ́dífóònù dáadáa nìyẹn: kí orí gbàgbé rẹ̀.

Mo kírun, ṣùgbọ́n orí irọ́ tí mo fẹ́ pa ni ọkàn mi wà.

Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ọlọ́kadà mẹ́rin ti wà lábẹ́ agbòjò mi. Mo gbé tirẹ̀ lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbé ayédèrú onírin kan lé e lọ́wọ́ òsì.

"Àǹtí, èmi ò ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́ o. Ẹ ṣáà gbé e wò."

Ó gbé e wò. Ó gbé e kiri fún àwọn ọlọ́kadà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ebira, ju ti obìnrin náà sókè díẹ̀, ó gbá a mú.

"Àh! Ṣé nǹkan wà nínú eléyìí ṣá? Èèpo ẹ̀pà ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí lójú. "Àbúrò, ṣé kí n dá a padà?"

Títí di ìgbà yẹn, mi ò tíì purọ́. Ọwọ́ wọn ni mo jẹ́ kó máa purọ́ fún mi.

"Tó bá jẹ́ èmi ni," mo ní, "màá dá a padà."

Mo tẹ̀ lé e dé Gadumo. Mi ò lè dúró sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ọlọ́kadà náà bá wa lọ. Ẹ̀gbọ́n jáde nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀, ó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Purofẹ́sọ̀, ìwọ lo rán wọn wá?"

"Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ó ti fúyẹ́ jù ni."

"Ó yẹ kó fúyẹ́! Màdáámú, ẹ gbé e sórí. Ẹ má fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ṣé ọwọ́ lẹ fẹ́ fi gbọ́rọ̀ ni?"

Òótọ́ ló ń sọ. Lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo mú páálí náà kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà, mo nà á sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Ẹ bá wa kà á síta, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń dúró, àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ti jáde. Ó kà á. Ó ń kà á lóyìnbó, ó ń túmọ̀ rẹ̀, títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé nítorí ìtura ni àwọn ṣe mú un fúyẹ́.

"Páálí ẹ̀ gan-an ti jẹ́wọ́!" ni ọmọ Ebira yẹn kígbe. "Ẹ̀gbọ́n Èèpo Ẹ̀pà!"

Ó tún un kà, torí ó rò pé wọn ò gbọ́ ọ yé ni. Ẹ̀rín tún ròkè. Ó dá owó obìnrin náà padà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní tàn yín: ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà, ó dùn mọ́ mi nígbà tí orúkọ yẹn gba gbogbo Gadumo kan, ó dùn mọ́ mi nígbà tí àwọn tó ń ra ọjà olówó ńlá ń fò ó kọjá wá sọ́dọ̀ mi. Tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó ṣì ń dùn mọ́ mi. Mo sọ fún ìyá mi. Ó bi mí pé kí ni obìnrin náà wá fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo ní mo ti ta òmíràn fún un.

Òmíràn yẹn, kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó ni, ó kàn wúwo ni, ó sì ń fún orí. Obìnrin náà gbé e wò lọ́wọ́, ó ní, "Èyí lára," ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó padà wá, ó ní kí n bá òun pààrọ̀ tìmùtìmù etí rẹ̀ sí èyí tó rọ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Níbi tí apá awò ti gba ẹ̀yìn etí kọjá, tí hẹ́dífóònù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, awọ ti bó, ó ti dúdú, ó ń ṣomi.

"Wákàtí méjì péré ni mo lè fi gbé e sórí mọ́," ló wí. "Ọrùn á máa ro mí, mo gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Àwọn tó ń fún mi níṣẹ́ ti dín in kù. Bóyá orí mi ni kò gba irú iṣẹ́ yìí. Ìwọ ti ṣe tìrẹ, àbúrò. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Mo pààrọ̀ tìmùtìmù náà. Nígbà tó lọ tán, Bàbá onífìlà ṣì ń ka fìlà rẹ̀ jọ, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èyí àkọ́kọ́ yẹn," ló wí, "ìwọ lo gbé e sórí tí o fi ń ṣe àlùwàlá."



Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Gadumo. Mo bá ẹ̀gbọ́n nídìí ṣájà àti wáyà, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Mo ní mo fẹ́ ra irú hẹ́dífóònù ọjọ́ yẹn.

"A kì í ta èèpo ẹ̀pà níbí mọ́," ló wí. "A ti kọ ọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, lọ kà á."

Mi ò bá a jà. Tèmi àti tirẹ̀ ti dọ́gba, bó bá ṣe pé tirẹ̀ nìkan ni, mi ò ní tún lọ síbẹ̀ mọ́ láéláé. Mo ti wá irú rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, wọ́n ní àwọn lè bá mi mú un wá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá kàn gbé e fún obìnrin yẹn, inú rere mi ló máa rò pé ó jẹ́, á sì tún máa dúpẹ́. Mo gbọ́ pé ó ti ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun á padà sóko, pé kì í ṣe gbogbo orí ló gba nǹkan òyìnbó.

Mo jẹ obìnrin náà ní gbèsè gbólóhùn kan: pé orí rẹ̀ kò lẹ́bi, pé hẹ́dífóònù tó tọ́ sí i ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ilé tó ń gbé. Mo ti dé iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà nínú yàrá, tó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń tẹ̀ ẹ́, mo sì padà sílé láì kan ilẹ̀kùn.