Aṣọ Alápá Gígùn Lọ́jọ́ Ìwẹ̀ Ọmọ

Ooru tó mú ní Kétu lọ́sẹ̀ tí Ìdùnnú bímọ kì í ṣe kékeré. Alángbá tó bá gun orí páànù, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró. Bí ìyẹn bá jóná, á pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, aṣọ alápá gígùn ni Àpèkẹ́ aránṣọ, ìyá Ìdùnnú, wọ̀ wá wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀rù ló fi aṣọ bò. Láti ìgbà tí Ìdùnnú ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni ìgbọ̀nwọ́ Àpèkẹ́ ti ń pupa, tó ń yọ ìpẹ́ funfun bí ti ẹja. Dókítà ti ṣàlàyé: "Mummy, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe làpálàpá. Kò lè ran ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò ní lọ tán. Ẹ máa fi ìpara pa á, ẹ má ha á."

Àmọ́ ìyá ọkọ Ìdùnnú, Mama Ṣóbọ̀wálé, kò sí níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀. Bó bá rí i, tó ní kí Àpèkẹ́ má fọwọ́ kan ọmọ ńkọ́? Ni Àpèkẹ́ bá mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú láàárọ̀ yẹn, ó ha apá náà bí ìdí ìkòkò ìrẹsì tó jóná. Ìpẹ́ lọ lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló gbapò rẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, Mama Ṣóbọ̀wálé sì dúró tì í.

"Ìyá Ìdùnnú, ẹ ká apá aṣọ yín sókè! Àbí ẹ̀yin àti ọmọ lẹ jọ fẹ́ wẹ̀?"

"Òtútù ń mú mi díẹ̀, Mama."

"Òtútù? Ní Kétu yìí? Ẹ bù fún wa níbẹ̀ o!"

Omi ta sí apá aṣọ, ẹ̀jẹ̀ sì hàn. Ẹ̀rín tán lẹ́nu Mama Ṣóbọ̀wálé. "Kí nìyẹn?"

Àpèkẹ́ gbé ọmọ fún un bí ẹni ń dá ohun tó jí padà. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Kì í ràn, Mama. Èmi ni mo ha á, nítorí ojú yín."

Ìdùnnú na apá tirẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Apá yẹn ló tọ́ mi dàgbà, Mama. Ẹ wo tèmi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mama wo apá Ìdùnnú títí, bí ẹni ń yẹ ẹ̀wà wò. Ó gbé ọmọ lé orí bẹ́ẹ̀dì, ó fa aṣọ funfun kan ya, ó fi wé ìgbọ̀nwọ́ Àpèkẹ́, ó sì dá ọmọ padà fún un. "Ẹ wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí nǹkan kan, bó ti wù kó kéré tó, lára ọmọ yìí…"

Kò parí rẹ̀. Ooru Kétu kì í sì ṣàì sú wẹ́wẹ́ sí ọmọ tuntun lára.

Bí Àpèkẹ́ ti wẹ ọmọ tán, abẹ̀bẹ̀ ló mú. Ó fẹ́ ọmọ náà, ó fẹ́ ẹ, títí ọmọ fi sín.

Àpèkẹ́ sáré fi abẹ̀bẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn kí Mama tó rí i.