Ọta Ìbọn Tó Wà Nínú Itan Ọkọ Mi

Ẹ gbà mí o, inú ń bí mi gan-an!

Láàárọ̀ yìí, mo pọn ọmọ, mo tẹ̀lé Bàbá Ràṣídì, ọkọ mi, láti Ajah lọ sí ọ́fíìsì àwọn sójà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ àwọn tó fara gbọta lójú ogun.

Akọ̀wé ní, "Ẹ̀rí dà?"

Ọkọ mi ká ṣòkòtò sókè, ó fi àpá ọta ìbọn tó wà ní itan rẹ̀ hàn án.

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará etí ọ̀sà! Egungun ẹja ló gún ẹ."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọta yẹn ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án."

"Ìyàwó, ìwé ni mo ń gbà, n kì í fọwọ́ kan itan."

Ọkọ mi tú ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, a sì padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n fi ọ̀bẹ yọ ọta náà sórí tábìlì wọn ni? Ẹ dá mi lóhùn!