Ọlábùnmí Mú Alágbàwí Wọ Ọ́fíìsì

Gbogbo ẹni tó mọ Ọlábùnmí ní Eccles, nílùú òyìnbó, ló mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń wẹ̀ wọ́n ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá di kó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èrìgì.

Lọ́dún 2011, ọjọ́ Sunday tí Ayọ̀mikún, àkọ́bí rẹ̀, máa ṣèrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Harpurhey gan-an ni wọ́n fi í síṣẹ́.

Monica, ọ̀gá wọn, kì í yé sọ ọ́ pé, "My door is always open," ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn òun máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ pípadé ni ilẹ̀kùn náà máa ń wà.

Nígbà tí Ọlábùnmí ráhùn nípa rẹ̀, Patience tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Òtútù ló jẹ́ kó pa á dé o! Ohun tó ń sọ ni pé tí nǹkan bá ń dùn ọ́, kó o wá sọ ọ́."

"Ó yé mi, jàre. Ṣé kí n wá dá nìkan lọ ni? Ta ló ń dá lọ bẹ ọ̀gá?"

Nílé wọn n'Íjẹ̀bú-Igbó, àgbà ló ń báni bẹ àgbà. Ló bá lọ mú Màmá Oyèníran, ìyá ìjọ wọn, wá. Bí wọ́n ṣe wọ ọ́fíìsì Monica ni Màmá kúnlẹ̀ gbì.

Monica fò dìde. "Yéè! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ọ̀gá. Ẹ ṣáà foríji ọmọ wa."

Monica yíjú sí Ọlábùnmí. "Kí lo ṣe?"

Ọlábùnmí sáré bọ́ síwájú. Àfi kí iṣẹ́ má bọ́ báyìí! "Mi ò ṣe nǹkan kan o! Ìsinmi ọjọ́ Sunday ni mo fẹ́ gbà, ọmọ mi fẹ́ ṣèrìbọmi."

"Sunday kan péré?" Ẹ̀rín gba ẹnu Monica. "Máa lọ, èmi fúnra mi á bá ọ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà."

Màmá ò tíì dìde, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Ọlọ́run á fún yín lọ́kọ rere!"

"Mo ti lọ́kọ, mà."

"Á fi owó kún un!"

"Àmín!" Monica pariwo.

Inú wọn dùn débi pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu lọ. Monica ké tẹ̀lé wọn: "Mo ní ilẹ̀kùn mi ò tì mọ́ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi pa á dé, òtútù ń wọlé!"

Lọ́jọ́ Sunday, Ayọ̀mikún jáde látinú omi, eyín ń gbá eyín. Kó tó la ojú, ìyá rẹ̀ ti fi aṣọ ìnura wé e, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ sí i létí láìdánu dúró.